Wọn kò dáná sun Galileo

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé ìjọ Kátólíìkì dáná sun Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, nítorí ó ní ayé rí roboto, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ilé rẹ̀ nítòsí Florence ló kú sí ní ọdún 1642, lẹ́ni ọdún 77. Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún un ní Róòmù ní 1633 dá lórí pé ó ní ayé ló ń yípo oòrùn. Ti roboto yẹn kì í ṣe tuntun rárá: Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 725.

Ìjọ ṣẹ̀, ta ló lè jiyàn ìyẹn? Wọ́n fipá mú bàbá arúgbó sẹ́ ohun tó mọ̀, wọ́n sì há a mọ́lé títí ó fi kú. Póòpù John Paul Kejì gbà ní 1992 pé wọ́n ṣìnà. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá ti ibẹ̀ sọ pé onígbàgbọ́ kò lè ṣe sáyẹ́ǹsì, àsọdùn nìyẹn. Àlùfáà ni Georges Lemaître ará Bẹ́ljíọ́mù, tó kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Galileo tí ẹ ń gbèjà gan-an, Kátólíìkì ni títí dọjọ́ ikú rẹ̀.