Ẹrú Náà Ṣe Ọmọ Rí

"Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Olówó ẹrú nìkan kọ́ ni àwọn àgbà fi òwe yìí bá wí. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀mí àlejò bá bọ́ sí lọ́wọ́ ni, kò sì síbi tí ẹ̀mí àlejò ti ń bọ́ síni lọ́wọ́ tó ilé ìwòsàn.

Ilẹ̀ wa mọ àlejò. Òwò obì ló kó Hausa wá sí Ṣágámù tí Sábó fi di àdúgbò. Àwọn ẹ̀yà Ègùn, Àgátù àti Ìgèdè ń bá àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣiṣẹ́ oko. Lóṣù Keje ọdún 1999, ìjà bẹ́ láàárín Yorùbá àti Hausa ní Ṣágámù, ẹ̀mí ṣòfò, ẹ̀san rẹ̀ sì ta dé Kánò. Ìjà ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé "Gàmbàrí, máa lọ." Rárá o. "Àbókí, dúró ná" ni. Ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ á fi Ìjẹ̀bú kí akọ̀wé, wọn á jọ rẹ́rìn-ín, káàdì tiẹ̀ á jáde. Àbókí ṣì wà lórí ìdúró. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé e, akọ̀wé á pariwo mọ́ ọn, àfi bí ẹni pé etí ló di.

Ìyẹn tiẹ̀ ṣì kéré. Ká ní aboyún Ìgèdè kan wọlé, ó fọwọ́ di orí mú, ó ń ké, ó ń nu ojú. Nọ́ọ̀sì ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n láriwo." Bẹ́ẹ̀ orí fífọ́, ojú ṣíṣú àti ara wíwú lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tó lè di gìrì, tó sì lè pa ìyá tọmọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wà lórí tábìlì níwájú nọ́ọ̀sì. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. "Wọ́n láriwo" ni kò jẹ́ kó nawọ́ sí i.

Léraléra ni ìwádìí ń fi hàn nílùú Ọba pé obìnrin dúdú ń kú nínú oyún àti lẹ́yìn ìbímọ ju aláwọ̀ funfun lọ, ní ìlọ́po tó ju méjì lọ. Àwọn ọmọ wa ń bímọ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fóònù sílé pé nọ́ọ̀sì òyìnbó kò ka ìrora òun sí, ṣé a kì í gbaná jẹ ni?

Abala 42 ìwé òfin 1999 kò fàyè gba kí ìjọba fi ẹ̀yà fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà. Òfin ìlera ọdún 2014 ní ẹni tó bá kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún aláìsàn lè san ₦100,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Àmọ́ òfin wo ló fẹ́ mú "dúró ná"?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́, mo mọ̀ pé èrò pọ̀, owó oṣù kò sì tó nǹkan. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹ má fi ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí ìyá kò lè tẹnu ọmọ sọ. Ọmọ Sábó tó gbọ́ Hausa, tó sì ń sọ Rẹ́mọ bí onílé, kò wọ́n ní Ṣágámù. Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́ nídìí káàdì.