Kí Ẹ Tó Wọ Kíláàbù, Ẹ Kọ́kọ́ Bá Wọn Jẹun

Àgbàlagbà ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o. Bí o kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, jọ̀ọ́, kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn àbúrò tó ń múra láti Ìlọrin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Berlin tàbí Toronto máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kíláàbù kink wo ló dáa níbẹ̀?" Àwọn mìíràn kò lọ ju Èkó tàbí Àbújá, ìbéèrè kan náà ni. Mo mọ ohun tó ń mú wọn béèrè. Ẹni tó ti gbé nǹkan sínú láti ọdún pípẹ́, tí kò lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, tí kò lè sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ ń sùn, bó bá ti gbọ́ pé ìlú kan wà tí àwọn bíi tirẹ̀ ti ń pàdé, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ mọ́. Kò sí ohun ìtìjú nínú ìyẹn lójú mi. Ṣùgbọ́n kíláàbù kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jókòó jẹun ni ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Oríṣiríṣi eré ìfẹ́ tí kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe tiwọn ni wọ́n ń pè ní kink. Ẹnì kan fẹ́ kí olólùfẹ́ òun fi okùn de òun lọ́wọ́. Ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ di òun lójú. Òmíràn fẹ́ máa pàṣẹ, òmíràn fẹ́ kí wọ́n máa pàṣẹ fún òun. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà bíi tèmi, èyí kò yẹ kó pẹ́ kó tó yé e. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni méjì á gbá ara wọn mú, wọn á gbé ara wọn ṣánlẹ̀, erùpẹ̀ á bò wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò pe ọlọ́pàá, nítorí àwọn méjèèjì ló fẹsẹ̀ ara wọn wọ agbo. Wọ́n mọ òfin ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé tí ẹ̀yìn ẹnì kan bá ti kan ilẹ̀, ó tán. Àwọn èèyàn tó mọ àwọn méjèèjì sì dúró yí wọn ká, wọ́n ń wò. Tí wọ́n bá fa ẹni tí kò gbà wọ inú agbo, ìyẹn kì í ṣe ìjàkadì mọ́, ìjà ni. Tí wọ́n bá sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé níbi tí ojú kankan kò ti ní rí wọn, ó ti burú ju ìjà lọ.

Ojú àwọn tó ń wò yẹn ni mò ń sọ. Ẹni tó bá ti òkèèrè dé, tó wọ kíláàbù láìmọ ẹnikẹ́ni, agbo ló wọ̀ tí kò ní alátìlẹ́yìn.

Àwọn tó ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1971 ni wọ́n dá The Eulenspiegel Society sílẹ̀ ní New York, Society of Janus sì bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1974. Ẹgbẹ́ méjèèjì kì í ṣe ilé ijó. Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń jíròrò, wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ṣe ń ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò fi ní fara pa. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá dé, tí àwọn èèyàn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìrí ojú ara wọn, àwọn kan ní Palo Alto ní California rí i pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní 1992, wọ́n lọ pàdé ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta hamburger. Wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀, kálukú wọn sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní munch ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá báyìí.

Mo gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo ń kàwé, munch ló sì kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ọtí kan ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá ti ibi iṣẹ́ dé. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé àti ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́ ni wọ́n ń sọ fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu kan okùn. Kò sí eré kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kò pọn dandan kí ẹ mu ọtí. Èmi kì í mu, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè. Olùṣètò wá kí mi nígbà tó rí i pé ojú mi ṣàjèjì, ó sì fà mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ tó bá mi jókòó títí mo fi fẹ́ lọ. Ìdùnnú tó wọ inú mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í ṣe ti eré ìfẹ́ rárá. Ti pé mo wà láàárín àwọn èèyàn tó mọ ohun kan nípa mi, tí wọ́n ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí ni.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ibi oúnjẹ ni ìwà ti ń hàn. Ẹni tí ẹ sọ fún pé, "Rárá, ẹ ṣeun, n kò mu ọtí," tó tún ń ta yín lọ́rẹ, tó tún ń rọ̀ yín, tó wá ń bínú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ "rárá" nígbà tó bá ti fi okùn dè yín lọ́wọ́. Ẹni tó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá yín kí ẹ tó mọ orúkọ ara yín, ẹ sá fún un. Ẹni tó sọ pé àwọn ará ibí kò mọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé mi, ẹ sá fún òun náà. Ẹ máa wo ẹni tí àwọn yòókù ń kí tayọ̀tayọ̀ àti ẹni tí wọ́n ń yẹra fún. Kí ẹ tó gbà láti bá ẹnikẹ́ni ṣe eré kankan, ẹ béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ pàápàá máa ń sọ fún ara wọn. Kíláàbù kò lè ṣe èyí fún yín. Orin ń dún, iná kò tó, gbogbo ènìyàn ti wọ aṣọ ọ̀ṣọ́, ẹ kò lè mọ oníwà rere yàtọ̀ sí oníwà burúkú.

Bí ẹ ṣe máa rí munch kò le. FetLife, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ràn kink, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní 2008, ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ yan ìlú, yóò sì fi ohun tó ń bọ̀ hàn yín. Àwọn kan wà fún ẹni ọdún 18 sí 35, àwọn kan wà fún obìnrin nìkan, ní àwọn ìlú kan ẹ máa rí ti àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ má lo orúkọ yín gan-an níbẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò ojú yín síbẹ̀, ẹ má sì lo ímeèlì tí ẹ fi ń wáṣẹ́.

Tí ẹ bá wá ti mọ èèyàn, ẹ lè tẹ̀lé wọn lọ sí kíláàbù. Torture Garden ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1990, KitKatClub ti wà ní Berlin láti 1994. Aṣọ tí ẹ wọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa wò lẹ́nu ọ̀nà. Jíǹsì àti bàtà eré ìdárayá lè mú kí wọ́n dá yín padà. Kò sí yíya fọ́tò ẹlòmíràn. Ẹ má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tàbí ohun èlò rẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ má sì dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́nu eré. Nínú ayẹyẹ tó bá létò, olùṣọ́ máa ń rìn kiri, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì ló mọ̀ pé tí ẹnì kan bá ti pe "red", gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú owó ọkọ̀ tí yóò gbé yín padà sílé dání. Kí ẹnì kan mọ ibi tí ẹ wà. Àwọn kan wà tí wọn kì í dé kíláàbù láéláé, munch tó wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n pàdánù.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà dá ẹjọ́ R v Brown ní 1993 pé àwíjàre kọ́ ni pé ẹni tó fara pa gbà bẹ́ẹ̀, òfin Domestic Abuse Act ti 2021 sì tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lórí ìpalára ńlá. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí ohun tí kò ṣeé ṣe ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ má sì pe ara yín ní aláìsàn. Nínú ìwé àkójọ àìsàn Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní 2022, wọ́n yọ irú eré yìí kúrò nínú àìsàn ọpọlọ nígbà tó bá jẹ́ láàárín àgbàlagbà tó gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ńkọ́? Ẹ̀yin gan-an ni àyà mi ń já fún jù. Ní Ìlọrin, ẹ kò lè ti Tánkẹ́ dé Post Office láìpàdé ẹni tó mọ bàbá yín. Ìpàdé tí ẹnikẹ́ni lè kéde kò sí, torí náà orí fóònù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, Telegram, WhatsApp, àwọn ibi tí wọ́n ti ń wá olólùfẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀daràn jókòó sí. Wọn á bá ọ sọ̀rọ̀ dídùn, wọn á gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ, wọn á pè ọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí yàrá kan ní àdúgbò tí o kò mọ̀. Nígbà tí o bá dé, àwọn mìíràn á ti inú yàrá kejì jáde. Wọn á gba fóònù, wọn á ní kí o fi owó ránṣẹ́, wọn á sọ pé àwọn máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màmá rẹ, sí àfáà rẹ, sí pásítọ̀ rẹ. Kító ni àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ń pè é, àwọn ló sì ń jìyà rẹ̀ jù, torí òfin 2014 tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó wọn, tó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sórí ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n lè lọ fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Ọmọge tó fẹ́ ọkùnrin, ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin, ó ń kó wọn náà.

Òfin Cybercrimes Act ti 2015 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ èèyàn kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti bọ́ sínú rẹ̀, tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn láàyè, kó má fi owó kún owó. Ẹni tó bá san, wọn á padà wá. Kó tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i, kó sọ fún ẹnì kan tó fọkàn tán, kó wá lọ́yà.

Kí ó má sì bàa dé bẹ̀, òfin kan náà ni mo ní fún Ìlọrin àti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rí ojú ara yín lórí fídíò ná. Ẹ pàdé lọ́sàn-án níbi tí èrò pọ̀, ilé oúnjẹ tí wọn ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ẹ má tẹ̀lé e lọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó dáa tó. Ẹni tó bá sọ pé òun kò lè pàdé yín ní gbangba, pé yàrá nìkan ni, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Tó bá sì jẹ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ tàbí olùkọ́ yín ní yunifásítì ló ń mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá, kò sí bí ẹ ṣe lè gbà tọkàntọkàn níbẹ̀, torí ohun tó lè fi gbẹ̀san wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọkọ tàbí ìyàwó, ilé ló yẹ kó ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó le, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó rò pé ìyàwó wọn máa sá lọ, tí ìyàwó náà wá sọ pé òun náà ní tòun lọ́kàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Kò sí ìbúra níbẹ̀, kò sí ẹbọ, ẹni tó bá fẹ́ lọ á lọ. Mo ń kírun, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gba èyí láyè, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí n kò gbà ni kí a máa fi orúkọ Ọlọ́run ti àwọn ọmọ wa sínú òkùnkùn tí àwọn ọlọ́ṣà ti ń dúró dè wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin. N kò ní dárúkọ, kódà fún ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, tí ẹ bá ti mọ ìlú tí ẹ máa wà, ẹ kọ̀wé sí olùṣètò munch ibẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: "Ẹni tuntun ni mí, èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Ta ni kí n béèrè tí mo bá dé?" Olùṣètò tó mọṣẹ́ rẹ̀ á sọ tábìlì tí wọ́n máa jókòó sí fún yín àti aṣọ tí òun máa wọ̀. Bí kò bá dáhùn, tàbí tó ní kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ wá òmíràn. Ìlú ńlá kì í sábà ní ẹyọ kan ṣoṣo.