Àtúnṣe: Kò tíì sẹ́ni tó ka ẹ̀dá inú òkun tán

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù ní Makoko àti Èbúté Mẹ́tà, pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ka gbogbo oríṣi ẹ̀dá inú òkun tán: mílíọ̀nù 2.2, gbogbo wọn ló sì ti lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Camilo Mora, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé iye yẹn jáde lọ́dún 2011, àmọ́ ìṣirò àfojúdá ni. Agbo ńláńlá tí a pín àwọn ẹ̀dá sí la ti mọ̀ dáadáa. Wọ́n wo bí iye ṣe ń pọ̀ sí i bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí agbo kéékèèké, wọ́n sì fi ìyẹn ṣírò iye oríṣi. Àwọn fúnra wọn sọ pé ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tíì sí lákọsílẹ̀! Lọ́dún 2012, Ward Appeltans àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn ṣírò tiwọn: 700,000 sí mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 226,000 péré ló sì lórúkọ nígbà náà. Bakitéríà kò sí nínú iye méjèèjì o.

Ẹ lọ sọ́jà ẹja ní Makoko, kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja tútù, níbi tó fi ń mí. Nígbà míì, ẹ ó rí kòkòrò bíńtín tó lẹ̀ mọ́ ibi pupa yẹn, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oríṣi ẹ̀dá tó dá dúró lòun náà. Irú wọn ló ṣòro láti kà.

Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tẹ̀lé e.