Ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn

Ọdún Kérésì tó kọjá, ajá wa bu ọmọ àbúrò mi jẹ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Gbogbo ilé ń pariwo pé, "Kò kùn, kò gbó, ó kàn bù ú jẹ ni!" Èmi wà níbẹ̀. Ajá yẹn sọ̀rọ̀ títí, àwa la ò gbọ́.

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń yin bángà ládùúgbò. Àlejò kún ilé, a sì so Bingo mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà lọ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Bingo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń lá ètè, bẹ́ẹ̀ kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀. Ó ń yán, oorun ò sì kùn ún. Etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, funfun ojú rẹ̀ yọ síta. Àmọ́ ó ń mi ìrù o! Ìrù yẹn ló tàn wá. Tí ìrù ajá bá nà ṣánṣán tó ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ yòókù sì le gbagidi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ rọra pè é, ẹ má pariwo.

Kí ló dé tí kò kùn? Nígbà tó ṣì kéré, tó bá ti kùn nídìí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, bẹ́líìtì ni bàbá wa máa ń fà yọ. Ẹ̀rù ò tìtorí ìyẹn kúrò lára rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde mọ́ ni. Ó dùn mí gan-an, torí èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ìyá àgbà ti gbé epo pupa dé kí n tó gba ọmọ. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn la fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ó di ọsibítù. Bingo ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún, síbẹ̀ a ò fi dígbòlugi ṣeré: tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè é.

Àwọn kan ní ká pa ajá náà. Mi ò gbà. Ní báyìí, tí àlejò bá ń bọ̀, yàrá tó dákẹ́ ni mò ń fi í sí, ọmọdé kankan ò sì ń dá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kùn sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan. Mo gbọ́wọ́ kúrò, mo sì sọ fún un pé, "O ṣeun, Bingo."