Jíjẹ májèlé tán kò rọrùn fún kòkòrò àìfojúrí

Mo ka ìròyìn kan tó sọ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ lè jẹ oògùn apakòkòrò àti epo rọ̀bì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í dédé yá. Nígbà tí epo rọ̀bì inú ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez dà sí etíkun Alaska, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1989, bakitéríà tó ń jẹ epo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọn kò ní tó ni náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fọ etíkun náà mọ́ fi da ajílẹ̀ sí i.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ìròyìn náà kò sọ ohun tí májèlé ń dà kó tó tán. DDT, oògùn apakòkòrò kan, lè di májèlé mìíràn tó ń jẹ́ DDE, èyí náà á sì pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ tún wo trichloroethylene, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára irin: níbi tí kò ti sí ọ́síjìn, àwọn bakitéríà kan ń já klórínì ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń já ewé lára ẹ̀ka, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dúró lágbedeméjì, vinyl chloride tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ló máa kù nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Dehalococcoides wà lára àwọn bakitéríà díẹ̀ tó lè já klórínì tó kẹ́yìn yẹn, nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá a nínú omi náà kí a tó fọkàn balẹ̀.