Irọ́ ni o: int 21h kọ́ ni prósẹ́sọ̀ fi ń kọ̀wé sójú skríìnì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa tá a kàwé kọ̀ǹpútà máa ń gbé kiri bí ìhìnrere, pé téèyàn bá ti ń kọ assembly, èdè tí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ àṣẹ kan fún prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ), kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti ẹ̀rọ mọ́, pé àwọn èdè bíi Python àti Java ló ń gba ọ̀dọ̀ alágbàtà, assembly ní tiẹ̀, ojúkojú ni pẹ̀lú prósẹ́sọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, kíá ni wọ́n á na int 21h sí yín, ìlà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sójú skríìnì, pé ṣebí ẹ̀yin náà rí i, ìlà kan péré, ọ̀rọ̀ ti jáde, kí ló tún kù?

Int 21h yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Nínú gbogbo kóòdù yẹn, ìlà yẹn nìkan ni ibi tí prógráàmù rẹ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró tó ní kí ẹlòmíì bá òun ṣe é. Kì í ṣe prósẹ́sọ̀ ló sì ń bẹ̀, ọ̀gá mìíràn ni.

Kóòdù tí mò ń sọ nìyí, ẹni tó bá ti fi emu8086 (prógráàmù tí wọ́n fi ń kọ́ assembly) ṣe práktíkà rí á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀:

oro db 'E kaaro$'

mov ah, 09h
mov dx, offset oro
int 21h
mov ah, 4Ch
int 21h

AH àti DX jẹ́ rẹ́jísítà, àpótí kékeré inú prósẹ́sọ̀; h tó ń parí nọ́ńbà túmọ̀ sí pé ìpìlẹ̀ 16 ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo int 21h yìí. Tí assembler, tó ń sọ kóòdù di báìtì, bá ti ṣe é tán, báìtì méjì péré ló kù, CD àti 21. Prósẹ́sọ̀ 8086 tí Intel gbé jáde ní 1978, kí ló máa ń ṣe tó bá kan báìtì méjì yìí? Á kọ́kọ́ kó flags (àwọn àmì ipò rẹ̀), CS àti IP (àdírẹ́ẹ̀sì ibi tó kà dé) sórí stack (ibi ìkópamọ́ kan nínú mẹ́mórì), torí kó lè mọ ibi tó máa padà sí. Á pa interrupt flag (àmì tó ń gbà kí wọ́n dá a dúró) kí aago àti kíbọ́ọ̀dù má tíì dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn á mú 21h, á wá ìlọ́po 4 rẹ̀, ìyẹn 84h, á lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì 0000:0084 nínú mẹ́mórì, á ka báìtì mẹ́rin tó bá bá níbẹ̀, IP tuntun àti CS tuntun nìyẹn, á sì fò lọ sí ibi tí wọ́n júwe. Ó tán. Iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ lórí ọ̀rọ̀ int parí síbẹ̀. Kò bojú wo AH rárá, kò mọ̀ pé 09h lo kọ síbẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní skríìnì, kò sì mọ̀ pé ò ń kí èèyàn káàárọ̀.

Ta ló wá kó báìtì mẹ́rin yẹn síbẹ̀? DOS ni, OS àtijọ́ kan (OS ni ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà). Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tàn tí DOS ń wọlé, ó lọ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ara ẹ̀ sínú tábìlì kan tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́mórì, ààyè 256 ló wà nínú tábìlì ọ̀hún, báìtì mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ báìtì 1024. Kóòdù DOS ló máa wo AH tó máa rí 09h, òun ló máa tẹ̀lé DS:DX, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì tó o fún un, lọ sídìí ọ̀rọ̀ rẹ, òun ló máa rí i dájú pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dé ojú skríìnì, tó bá ṣe tán á pe iret (àṣẹ ìpadà), prósẹ́sọ̀ á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Bí ìgbà téèyàn kọ slip ní báńkì ló rí, o kọ iye tó o fẹ́, o tì í wọlé lábẹ́ gíláàsì, kàṣíà ló ń lọ gbé owó, ìwọ ò wọ ibi tí wọ́n ń kówó sí.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe iyèméjì, ẹ yọ àmì $ yẹn kúrò nídìí ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Á tẹ E kaaro tán, kò ní dúró, á máa tẹ ìdọ̀tí lọ, ojú ẹ̀rín, àmì ọkàn, ìlà gbọọrọ, oríṣiríṣi ìràǹràn, títí tó fi máa ṣèèṣì pàdé báìtì 24h níbì kan nínú mẹ́mórì, torí 24h ni dọ́là. Ẹ sọ fún mi, ibo lẹ ti rí i nínú ìwé Intel pé prósẹ́sọ̀ mọ dọ́là? Kò sí ńbẹ̀. Inú CP/M, ìyẹn OS tí Gary Kildall kọ, ni DOS ti jogún ẹ̀, nọ́ńbà 9 ni fún títẹ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà, dọ́là náà ló sì ń parí ẹ̀. Nígbà tí Tim Paterson ń kọ 86-DOS ní Seattle Computer Products lọ́dún 1980, ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀lé ìlànà CP/M kó lè rọrùn láti kó prógráàmù àtijọ́ wá sórí ẹ̀, Microsoft wá rà á ní 1981 fún IBM PC. Nítorí náà 09h tí à ń há sórí fún ìdánwò, àṣà tó ti inú OS kan bọ́ sínú òmíì ni, kò kan irin, ìyẹn ẹ̀rọ gan-an, rárá. (Ẹ sì wo ara Amẹ́ríkà o, wọ́n kọ OS, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde ò lè tẹ àmì owó ilẹ̀ wọn, àfi tó o bá lọ fi 02h tẹ dọ́là náà lọ́tọ̀.)

Ẹ̀rí míì tún wà tó tún lágbára ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ boot sector, ìyẹn kóòdù tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ kà lórí dísìkì, báìtì 512, 55 àti AA ló máa parí ẹ̀, kẹ́ ẹ tàn án nínú QEMU, kọ̀ǹpútà àfarawé. BIOS, ètò inú ẹ̀rọ tó máa ń kọ́kọ́ jí, á gbé e sí 0000:7C00 á sì fò síbẹ̀, kò sí Windows, kò sí Linux, kò sí DOS, ìwọ nìkan lo kù pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ àti BIOS. Ẹ wá fi 0Eh sínú AH, lẹ́tà kan sínú AL, kẹ́ ẹ pe int 10h, lẹ́tà á jáde torí BIOS ti kọ àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ sí ààyè 10h. Ẹ wá pe int 21h níbẹ̀ pẹ̀lú 09h, kò sí nǹkan kan tó máa jáde. Prósẹ́sọ̀ kan náà, báìtì CD 21 kan náà, ẹni tó ń jẹ́ ìpè ni kò sí nílé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11 òun, òun ò sì ní DOS kankan. Emu8086 ni, àbí? Emu8086 ni DOS tìẹ níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣe bíi prósẹ́sọ̀ tó tún ń ṣe bíi DOS, ó ń dá àwọn int náà lóhùn látinú ara ẹ̀, kódà kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹ gbé fáìlì .com yẹn kúrò nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí Windows tó jẹ́ 64-bit, Windows á kọ̀ jálẹ̀, kì í gba prógráàmù 16-bit mọ́. Inú DOSBox ló ti máa rọ́wọ́ mú, DOSBox náà sì nìyẹn, DOS àfarawé.

Ṣé wọ́n wá purọ́ pátápátá pé assembly lè bá irin sọ̀rọ̀ ni? Rárá o, ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n int kọ́ ni. Láyé DOS, tó o bá fẹ́ kọ A sí kọ̀rọ̀ òkè lọ́wọ́ òsì láì bẹ ẹnikẹ́ni, báyìí ni wàá ṣe é:

mov ax, 0B800h
mov es, ax
mov word ptr es:[0], 0741h

41h ni lẹ́tà A, 07 ni àwọ̀, eérú lórí dúdú. Mẹ́mórì skríìnì gan-an lo kọ ọ́ sí, DOS ò gbọ́, BIOS ò gbọ́. Àwọn tó ń kọ géèmù nígbà yẹn ń ṣe báyìí torí pé gbígba ọ̀dọ̀ DOS máa ń fa nǹkan lẹ́sẹ̀ fún wọn. Ojúkojú tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ nìyí, òun gan-an ni Windows àti Linux òde òní ò sì ní gbà fún prógráàmù rẹ. Láti 80286 ní 1982, pàápàá 80386 ní 1985, ni Intel ti kọ́ ògiri sáàárín OS àti prógráàmù, kernel (ọkàn OS) wà ní ring 0, ipò àṣẹ gbogbo, àwa tó kù wà ní ring 3, tó o bá na ọwọ́ sí mẹ́mórì tí kì í ṣe tìrẹ, prósẹ́sọ̀ á fi tó kernel létí, kernel á sì pa ẹ́. Lónìí, tí ẹ̀ ń bá kọ assembly lórí láptọ́ọ̀pù yín, OS lẹ ń bẹ̀ jù, ẹ ò tiẹ̀ lè jáde kúrò nínú prógráàmù láì tọrọ ààyè.

Ó dàa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Linux, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá pọ̀ jù. Ìwé àtijọ́ kọ́ wa ní int 0x80 (0x yìí náà, ìpìlẹ̀ 16 ni): 4, nọ́ńbà write tó ń kọ̀wé, sínú eax, 1, ìyẹn ojú skríìnì, sínú ebx, àdírẹ́ẹ̀sì sínú ecx, gígùn sínú edx. Ti 32-bit nìyẹn. Ní 64-bit, ìtọ́ni tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ syscall, AMD, iléeṣẹ́ prósẹ́sọ̀ míì, ló mú un wá, rax ni nọ́ńbà ń lọ, rdi, rsi, rdx ni ìyókù. Nọ́ńbà náà yí padà: write tó ń jẹ́ 4 ti di 1, exit (jíjáde) tó ń jẹ́ 1 ti di 60. Ẹni tó bá wá da méjèèjì pọ̀, tó kó 1 sínú eax láti kọ̀wé tó wá pe int 0x80, prógráàmù á kàn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, láì sọ̀rọ̀, láì pariwo, onítọ̀hún á wá máa wo skríìnì bí ẹni tí wọ́n já ní báàgì.

Èyí tó burú jù ni pé int 0x80 lè ṣiṣẹ́ nínú prógráàmù 64-bit, torí náà wọ́n á ní kò sí wàhálà. Ìdajì àdírẹ́ẹ̀sì ni kernel máa gbà lójú ọ̀nà yẹn, bit 32 ìsàlẹ̀ nìkan. Tí ọ̀rọ̀ rẹ bá wà nínú .data (apá ibi tí prógráàmù ń kó dátà sí) ní bíi 0x402000, ó wọ̀ ọ́, kò sí nǹkan tó máa ṣe. Lọ́jọ́ tó o bá kó o sórí stack, níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì ti máa ń gùn ju bit 32 lọ, tó máa ń fi 0x7ff bẹ̀rẹ̀, kernel á gé e, á wo ibòmíì, á dá -14, àmì àṣìṣe, padà fún ẹ nínú eax, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí segfault (ìkìlọ̀ pé prógráàmù kú). Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ò ní wo eax torí ẹ gbà pé àṣẹ lẹ pa fún prósẹ́sọ̀, ta ló ń retí èsì lẹ́yìn àṣẹ?

Gígùn yẹn náà, báìtì ni kernel ń kà o, kì í ka lẹ́tà. E kaaro pẹ̀lú ìlà tuntun jẹ́ 8. Ẹ wá kọ ọ́ dáadáa, Ẹ káàárọ̀, nínú UTF-8 (ìlànà tó ń sọ lẹ́tà di báìtì), Ẹ nìkan gba báìtì 3, á àti à gba 2 2, ọ̀ ìkẹyìn yẹn gba 5, gbogbo ẹ̀ 17 láì tíì ka ìlà tuntun. Tẹ́ ẹ bá fi 8 sílẹ̀ nínú rdx, Ẹ ká lẹ máa rí àti àmì ìbéèrè burúkú kan tó jókòó síwájú ẹ̀.

Ti iyára náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kíákíá. Wọ́n ní tèèyàn bá fi assembly pe kernel, á yá ju C lọ. Ògiri kan náà ni gbogbo wọn ń fò, iye owó ẹ̀ sì jọra. Tí assembly rẹ bá ń pe write fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìgbà 1000 lo máa fò ó fún lẹ́tà 1000, nígbà tí printf ti C ti kó tiẹ̀ jọ tó sì fò ó lẹ́ẹ̀kan tó bá jẹ́ inú fáìlì ló ń kọ sí. Ẹ fi strace, tó ń fi gbogbo ìpè sí kernel hàn, wo prógráàmù assembly yín, kẹ́ ẹ fi wo ti C, kẹ́ ẹ fi wo print ti Python, ìlà kan náà lẹ máa rí nídìí gbogbo wọn: write(1, "E kaaro\n", 8) = 8. Alágbàtà tí wọ́n ní assembly ò ní nìyẹn.

Linux máa ń ṣọ́ àwọn nọ́ńbà yẹn kó má bà á yí mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Apple àti Microsoft ò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2016, macOS Sierra ti Apple yí bí gettimeofday (ìpè tó ń béèrè aago) ṣe ń dá èsì padà, àwọn prógráàmù tí wọ́n fi èdè Go kọ, tó ń pe kernel tààrà bẹ̀rẹ̀ sí í dà wó, wọ́n ní láti tún wọn kọ́, nígbà tó yá Go fúnra ẹ̀ lọ ń gba ọ̀nà láíbìrì Apple bíi gbogbo èèyàn. Lórí Windows, WriteFile àti ExitProcess, tó wà nínú láíbìrì Windows, lẹ máa pè látinú assembly, torí nọ́ńbà kernel wọn máa ń yí láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà.

Ẹni tí ò bá ní láptọ́ọ̀pù, tó jẹ́ orí fóònù Android ló ti fẹ́ kọ́ ọ, ẹ má fi int wá a, ARM, irú prósẹ́sọ̀ míì, ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, kò sí int ńbẹ̀ rárá. svc #0 ni, x0 fún 1, x1 fún àdírẹ́ẹ̀sì, x2 fún iye báìtì, nọ́ńbà á lọ sínú x8. Tí fóònù náà bá jẹ́ 64-bit, write ní tiẹ̀ ń jẹ́ 64, exit ń jẹ́ 93.