A Kì Í Dédé Sáré Nínú Ẹ̀gún

Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré débi pé mi ò kì í rò ó mọ́, àfi láti bí ọdún mélòó kan tí mo ti ń rí bí ìjọba ìlú ọba ṣe ń gbé òfin lórí òfin jáde nítorí àwọn tó sá wá bá wọn, ni òwe náà bá jókòó tì mí lọ́kàn, kò lọ mọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ọmọ kan já jáde látinú igbó, aṣọ ẹ̀ ti ya, ẹsẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀gún ṣì há sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò lè mí délẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó lábẹ́ igi, kí lẹ máa kọ́kọ́ bi í? Ẹ máa ní "Ọmọ, kí ló ń lé ẹ?" Ẹ máa fún un lómi, ẹnìkan á mú àdá, á yọjú wo ibi tó ti já wá. Kò sí àgbà Yorùbá kan tó máa sọ pé inú ẹ̀gún lo gbà, o ò gba títì, torí ẹ̀ padà síbẹ̀. Ohun tí òfin ìlú ọba kan sọ gan-an nìyẹn o.

Òfin tí wọ́n pè ní Illegal Migration Act, tí wọ́n buwọ́ lù ní July 2023, kí wọ́n tó fagi lé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ní 2025, ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré wọlé láìgbàyè, wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ rárá, iṣẹ́ mínísítà ni kó rí i pé wọ́n gbé e kúrò, ì báà jẹ́ ogun Sudan ló lé e, ì báà jẹ́ Taliban. Bẹ́ẹ̀ físà ìsádi ò sí. Yàtọ̀ sí ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Ukraine àti Hong Kong àti àwọn díẹ̀ míì, o ò lè jókòó sí Khartoum kó o máa kọ fọ́ọ̀mù pé mo fẹ́ wá sá sọ́dọ̀ yín, dandan ni kẹ́sẹ̀ ẹ tẹ ilẹ̀ wọn kó o tó lè béèrè. Wọ́n ti títì pa, wọ́n wá ń bínú sí ẹni tó gba inú ẹ̀gún. Àwọn yìí kan náà ló sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn Geneva lórí àwọn tó ń sá àsálà, lọ́dún 1951, abala 31 nínú ẹ̀ sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá wá tààrà láti ibi tí ẹ̀mí ẹ̀ ti wà nínú ewu, tó yọjú sí ìjọba láìfi falẹ̀, tó sọ ìdí, kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́ torí bó ṣe wọlé. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá òṣìkà ni. Èyí tí kò wá gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dá a ńkọ́?

Ẹ gbọ́ orúkọ táwa fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀: ogunléndé. Ogun ló lé mi dé. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti rojọ́ ẹ̀ tán kó tó jókòó. Ọmọ ogunléndé sì lọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí ogun fọ́ ìlú àwọn Ẹ̀gbá, abẹ́ Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́ kó wọn lọ ní 1830, àpáta ni wọ́n fi ṣe òrùlé, òun ló di orúkọ ìlú títí dòní. Àwọn Òwu tí wọ́n ti run ìlú tiwọn náà wá bá wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní páálì. Ìbàdàn náà, àwọn ọmọ ogun àti àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló kóra jọ síbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń sọ nípa ẹ̀ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.

Àwa náà ti jẹ nínú ìyà yìí o, a sì ti fi jẹ ẹlòmíì. November 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi gbà á tàbí kí wọ́n máa lọ, àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kumasi àti Accra látìgbà bàbá wọn, wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n já wálé. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí máṣíìnì ìránṣọ nìkan ló rí gbé bọ̀, kò rí ẹsẹ̀ ẹ̀ gbé, ó ní òun fi aṣọ òun dì í mọ́yà bí ọmọ tuntun nínú lọ́rì. Orí àpótí ló gbé e kà tó fi ń ránṣọ, bó bá sì ti ń rán an, orin Twi ló máa ń kọ. Nígbà tó wá di January 1983, ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana àtàwọn míì, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn, títí dòní là ń pe báàgì onílà yẹn ní Ghana Must Go, à ń kó aṣọ ọdún sí i, a ò rántí ẹkún tó wà nínú ẹ̀. Òótọ́ ni pé òwò ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé, kì í ṣe ogun, àmọ́ ẹni tí wọ́n ti fún lọ́sẹ̀ méjì rí, ó yẹ kó mọ bó ṣe ń rí lára.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú wa máa sọ, mo ti gbọ́ ọ ní páàtì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní àwa gba físà, a sanwó, a ń san tax, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré yẹn ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Òfin tó ní kí onílé yẹ páálì wò kó tó fún èèyàn ní yàrá, àwọn tí kò níwèé ni wọ́n ní àwọn ṣe é fún ní 2014, ta ló wá bá? Ẹni tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ tó ní ìwé pípé, tí lánlọ́ọ̀dù ò tiẹ̀ fẹ́ dá lóhùn. Àwọn ìyá àti bàbá tí wọ́n ń pè ní Windrush, àwọn ará Caribbean tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti bí 50 ọdún, tí ìlú ọba fúnra ẹ̀ ló pè wọ́n wá ṣiṣẹ́, ọdún 2018 ni gbogbo ayé gbọ́ pé wọ́n ti lé àwọn kan níbi iṣẹ́, wọ́n kọ̀ láti tọ́jú àwọn kan ní ọsibítù, wọ́n tilẹ̀ ti dá àwọn kan padà sí Caribbean. Ní February 2025 wọ́n ní ogunléndé tó bá gba ọ̀nà ẹ̀gún wọlé, kò ní lè di ọmọ ìlú ní gbogbogbòò mọ́ bó ti wù kó pẹ́ tó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ní May, ìjọba gbé ìwé ètò míì jáde pé ẹni tó gba físà iṣẹ́ náà, ọdún 10 ni kó máa dúró dípò 5 kó tó rí ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke gbà. Ẹ̀yin tí ẹ wá ṣe care, ẹ̀yin tí ẹ ta ilẹ̀ bàbá yín wá, ṣé ẹ rí bí pàṣán ṣe sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà?

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò ní sọ ìlú ẹ̀. Ó ní kí ìjọba gba òun bí ogunléndé, ó sì ti ń retí ìdáhùn fún ohun tó lé lọ́dún méjì. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹni tó ń dúró kò lè ṣiṣẹ́ títí oṣù 12 á fi pé, bó bá sì pé, iṣẹ́ tó wà nínú lísìtì ìjọba nìkan ló lè ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un láyè. £49.18 ni wọ́n ń fún irú wọn lọ́sẹ̀ kan ní 2024, £7 lójúmọ́ nìyẹn, nínú ẹ̀ ni oúnjẹ, nínú ẹ̀ ni bọ́ọ̀sì, nínú ẹ̀ ni páàdì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lọ sign ní ọ́fíìsì ìjọba, níbi tí wọ́n ti lè tì í mọ́lé. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó máa ń di báàgì kékeré kan: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì, ṣájà fóònù, nọ́ńbà lọ́yà tó kọ sórí pépà torí pé wọ́n lè gba fóònù. Lẹ́tà tí ìjọba kọ sí i, inú nylon ló wà, nínú Bíbélì, níbi Sáàmù 46. Ó sì ti bá aládùúgbò ẹ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun ò bá ti dé kó tó di aago mẹ́ta, kó bá òun gba ọmọ ní ilé ìwé. Ẹni tí ẹ ní ó wá jẹ owó ìjọba nìyẹn.

Ta ló wá lè dá òfin ìjọba dúró? Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ti ṣẹlẹ̀. Lálẹ́ 28 March 2017, ọkọ̀ òfuurufú kan wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Stansted tó fẹ́ kó èèyàn 60 tí ìjọba ń lé lọ sí Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone, àwọn ọmọ wa wà nínú wọn. Èèyàn 15 já wọ pápá, wọ́n dùbúlẹ̀ yí táyà ọkọ̀ ká nínú òtútù, wọ́n so ara wọn mọ́ra, ọkọ̀ ò gbéra lóru ọjọ́ náà. Wọ́n gbé wọn dé kọ́ọ̀tù lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe nítorí àwọn agbésùnmọ̀mí, èyí tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n gbére, wọ́n dá wọn lẹ́bi ní December 2018, àfìgbà tó di January 2021 tí kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé e pátápátá pé ẹ̀sùn yẹn ò bá ohun tí wọ́n ṣe mu rárá. Nínú àwọn tí wọn ò rí kó lọ yẹn, àwọn kan padà gba páálì. Ìyẹn ni pé ẹjọ́ wọn dáa, wọn ò kàn tíì gbọ́ ọ tán ni.

Ní 13 May ọdún 2021 kan náà, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé mọ́tò wá sí Kenmure Street ní Glasgow láàárọ̀, wọ́n mú ọkùnrin méjì, ọmọ India. Ọkùnrin kan kó sábẹ́ mọ́tò, ó dì mọ́ ọn. Ẹnìkan pe ẹnìkejì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò pẹ́ títì ti kún, wọ́n jókòó sílẹ̀ yí mọ́tò ká, wọ́n ń sọ pé aládùúgbò wa ni wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bíi wákàtí mẹ́jọ. Ọlọ́pàá Scotland fúnra wọn ló ní kí wọ́n tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Èèyàn laṣọ mi, òun là ń wí yẹn, lọ́jọ́ yẹn mo rí i pẹ̀lú ojú mi lórí fóònù, bí èèyàn ṣe di aṣọ bo ọkùnrin méjì tí wọ́n fẹ́ tú síhòòhò.

Ti Rwanda náà, ìyẹn ètò pé kí wọ́n kó àwọn tó sá wá lọ sí Rwanda, April 2022 ni Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà kéde ẹ̀, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀ ní June kí kọ́ọ̀tù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg tó dá a dúró lóru. Kì í ṣe lọ́yà nìkan ló jà á, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó wà nílé aṣòfin kọ̀wé lòdì sí i, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PCS tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè fúnra wọn wà nínú ẹ̀ wà lára àwọn tó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní November 2023, adájọ́ márààrún ilé ẹjọ́ tó ga jù fohùn ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Ìjọba tún ṣòfin míì ní 2024 pé ibẹ̀ láàbò ni. Nígbà tí ìjọba yí padà ní July wọ́n pa á tì, wọ́n ní £700 mílíọ̀nù ló ti wọlẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló sì lọ, wọ́n fẹnu ara wọn gbà láti lọ ni.

Ṣùgbọ́n ó ń padà wá pẹ̀lú aṣọ míì. Ní November 2025, ìjọba tuntun náà kéde pé ìwé ogunléndé ò ní ju oṣù 30 lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìyẹn, 20 ọdún ni ẹni tó gba inú ẹ̀gún sì máa dúró kó tó fìdí kalẹ̀. 20 ọdún! Ọmọ tí ó pọ̀n wá á ti lọ́mọ.

Torí náà ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Àwa ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú wà nínú Commonwealth, a lè dìbò yan aṣòfin láìtíì gba pásípọ́ọ̀tù wọn, ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, a ò sì forúkọ sílẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀. Aṣòfin àdúgbò yín ní ọjọ́ tó máa ń jókòó gbọ́ tàwọn èèyàn, ẹ lọ bá a, ẹ má lọ ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún un, ẹ sọ ti ẹnìkan tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ sì béèrè nǹkan kan pàtó, bíi kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ má gbé fọ́tò ẹnikẹ́ni sórí Facebook láìjẹ́ pé ó gbà, ejò tó ń lé e náà lè ní fóònù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìtàn irọ́ fún ẹni tí òótọ́ ẹ̀ tó o, mo ti rí ibi tí irọ́ kékeré kan ti ba ẹjọ́ ńlá jẹ́, tí wọ́n wá fi í ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo àwọn tó kù. Ẹ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣàdúà ní mọ́ṣáláṣí, kẹ́ ẹ sì tún bá wọn dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń sign, torí ẹni tó bá rí èèyàn mẹ́ta tó ń dúró de obìnrin kan níta, á mọ̀ pé ó lẹ́ni.

Thursday yìí ló tún kan obìnrin yẹn láti lọ sign. Èmi, ìyàwó mi, àti màmá kan ará Ìjẹ̀bú tó ti lé ní 70 ọdún la máa tẹ̀lé e, màmá ti ní òun ló máa gbé báàgì kékeré yẹn dání níta, kí obìnrin náà wọlé lọ́wọ́ òfìfo.